Káàdì Abdulfatah

Mo kórìíra kí èèyàn máa mí sí mi lọ́rùn nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Bàbá Yáyà sì ń mí sí mi lọ́rùn. Nouratou, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Manigri ni àwọn méjèèjì ti wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Bassila.

Wọ́n ti ṣá Abdulfatah, àbúrò Nouratou, pa nínú oko kajú rẹ̀. Àdá Chérif, ọmọ Nouratou, ni wọ́n bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, ni àwọn jandáámù bá gbé ọmọ náà lọ. Abdulfatah máa ń ya fídíò ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ààlà oko rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí fóònù rẹ̀ lábẹ́ ewé, wọ́n ti pa gbogbo fídíò inú rẹ̀ rẹ́.

"Tàǹtí Zouléha, ẹ bá mi wá fídíò ọjọ́ náà jáde," ni Nouratou wí. "Chérif nìkan ni mo bí. Wọ́n á sọ ọ́ sẹ́wọ̀n títí ayé."

"Ṣé ẹ ti fi nǹkan mìíràn sínú káàdì ìrántí inú fóònù rẹ̀?"

"Kùránì ni. Bàbá Yáyà ní kí n fi kún un, ká máa gbọ́ ọ níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ."

Inú bí mi. Ohun tí a bá pa rẹ́ kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn á fi wá jókòó lé e lórí. Ta ló wá ń rọ nǹkan lé e? Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. N kì í fọwọ́ kan ojúlówó, nítorí náà mo kọ́kọ́ da gbogbo káàdì náà kọ sórí dísìkì tí mo fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí wá fídíò náà nínú ẹ̀dà.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́," ni Bàbá Yáyà wí.

Ó wà níbẹ̀. Ewé kajú jáde, lẹ́yìn náà ohùn Abdulfatah: "Bàbá Yáyà, oko bàbá mi nìyí! Ẹ sọ àdá Chérif sílẹ̀!" Ojú Bàbá Yáyà kún àwòrán. Àdá sọ̀ kalẹ̀ sí èjìká, ẹ̀jẹ̀ ta sójú ẹ̀rọ, àwòrán gé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Bàbá Yáyà já káàdì náà gbà, ó fi eyín rún un. Ó gbé òòlù mi, ó fọ́ kọ̀ǹpútà, ó sì là á mọ́ mi níwájú orí. Mo ṣubú, ẹ̀jẹ̀ dí mi lójú. Nouratou fò mọ́ ọn, ó gé e létí jẹ, ó fi àpótí lù ú lẹ́nu títí eyín méjì fi já bọ́. Mi ò ní kó dáwọ́ dúró. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Àwọn ará àdúgbò ló wá fà á kúrò lórí rẹ̀.

Àwọn jandáámù gba dísìkì inú dúrọ́ọ̀, wọ́n sì dá Chérif sílẹ̀.

Nouratou padà wá. "Tàǹtí, ẹ jẹ́ kí n rí ìyókù fídíò náà. Bóyá àbúrò mi pè mí kó tó kú."

"Ìyá Chérif, kò sí ìyókù. Kùránì tí ẹ fi sí i ti jókòó lé e lórí."

Mo rò pé yóò bú sẹ́kún.

"Á jẹ́ pé Kùránì ló wà níbi tó ti kú," ló wí.