Òwú Lójú Abẹ́rẹ́

Níbi tí aránṣọ kan ti ń wá iṣẹ́ tuntun, ọ̀gá ibẹ̀ bi í pé, "Ta lẹ jọ mọwọ́ ara yín jù níbi tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ẹni tá a jọ ń lo ẹ̀rọ kan ni, sà, òun láàárọ̀, èmi lálẹ́. Tó bá ṣíwọ́ lọ́sàn-án, á fi òwú sójú abẹ́rẹ́ dè mí. Èmi náà á fi òróró sẹ́rọ dè é."

"Kí lorúkọ rẹ̀? Á jẹ́rìí yín."

"Ọwọ́ wa ló mọra, sà. Ojú wa ò pàdé rí."

"Àbí iwin ni? Ẹ lọ wá orúkọ rẹ̀ wá."

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ tètè dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kó lè bá ẹni náà. Ọmọbìnrin kan ń palẹ̀ mọ́ nídìí ẹ̀rọ, ojú abẹ́rẹ́ sì ṣófo. Aránṣọ bi í pé, "Ṣé ìwọ lo máa ń fi òwú sójú abẹ́rẹ́ dè mí?"

"Rárá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹni yẹn ti fiṣẹ́ sílẹ̀."

Aránṣọ jókòó. Ó ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà, aránṣọ pè é padà, ó sì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un.