Ọjọ́ Tí Wọ́n Dì Mọ́ Paulino

Láti ogún ọdún, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí Opal Dvorak kò pe ilé iṣẹ́ rédíò lórí ọ̀rọ̀ àwọn Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn. Ohùn rẹ̀ tínrín. Yóò kọ́kọ́ kí Garvin, atọ́kùn ètò náà, yóò béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, bí ẹni tó wá tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ìgbà tó bá kí i tán ni yóò tó yọ idà.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa bésíbọ́ọ̀lù kò ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀dọ́mọdé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì dé ìlú ńlá, tí wọ́n ṣì ń tọ́ ní àwọn ìlú kékeré, ìlérí lásán ni. Kí wọ́n kó ìlérí fún ẹgbẹ́ mìíràn, kí wọ́n fi gba àgbà ajubọ́ọ̀lù tí apá rẹ̀ ti gbó. Ìlérí kì í gba ife-ẹ̀yẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, inú bí i débi tó fi wí lórí afẹ́fẹ́ pé, "Kódà bó bá jẹ́ ẹni tó ń sùn nínú ilé mi, Garvin, ẹ tà á!"

Ní oṣù kẹrin, kò sí ẹni tó ń sùn nínú ilé rẹ̀ àfi òun nìkan. Emmett ọkọ rẹ̀ ti kú ní oṣù kejì, nígbà tí yìnyín ṣì bo òrùlé. Ilé náà wá fẹ̀ jù. Bó bá gbé ife kalẹ̀ nínú ilé ìdáná, yóò gbọ́ ìró rẹ̀ títí dé yàrá.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn Òwìwí, ẹgbẹ́ kékeré tó ń tọ́ ọmọ fún àwọn Alágbẹ̀dẹ ní ìlú Wexley, wá ilé fún àwọn ọmọ wọn bí wọ́n ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Owó tí àwọn ọmọ náà ń gbà kò tó gba yàrá, nítorí náà àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń gbà wọ́n sílé. Opal ní òun ní yàrá kan. Ẹni tí wọ́n mú wá ni Yeferson Paulino, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún láti ìlú Baní lókè òkun, tó ń ṣọ́ ibùdó kẹta nínú pápá bésíbọ́ọ̀lù. Ó ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọ balùwẹ̀. Ó ń jẹ ẹyin mẹ́fà ní òwúrọ̀, á sì fọ abọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Lára ilẹ̀kùn fíríìjì, ìwé Emmett ṣì wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà òtútù, Emmett a máa fi pẹ́ńsùlù to orúkọ gbogbo ọmọ agbábọ́ọ̀lù tí àwọn Alágbẹ̀dẹ ń tọ́, láti orí ẹni kìíní dé orí ogún. Paulino ló wà ní ipò kọkàndínlógún. Níwájú orúkọ rẹ̀ Emmett kọ ọ́ pé: *Ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, kódà nígbà tí ajá ti lọ sílé.*

Nígbà tí Opal ka á fún un, Yeferson rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Màmá, ọkọ yín mọ̀ mí o! Ajá náà ńkọ́, ṣé ó mọ orúkọ rẹ̀?"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Opal rẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná yẹn láti ìgbà òtútù.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù keje, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù máa ń tì ní aago mẹ́rin. Àwọn Alágbẹ̀dẹ wà ní ipò kejì, ajubọ́ọ̀lù ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Ẹgbẹ́ kan ní ìwọ̀-oòrùn ní ọkùnrin ọlọ́wọ́ òsì kan, Teague. Gbogbo ìwé ìròyìn ló ń sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà ń béèrè fún dípò rẹ̀: Paulino.

Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, Garvin fúnra rẹ̀ ló pe Opal. Ó ti wá ohùn rẹ̀ ti oṣù kẹrin jáde, ó sì gbé e sáfẹ́fẹ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ohio láti gbọ́: *Ẹ tà á!*

"Màmá Opal," ni Garvin wí, ẹ̀rín sì ń pa á, "wọ́n ní ẹnìkan ti wá ń sùn nílé yín. Ṣé ọ̀rọ̀ yín ṣì dúró?"

Yeferson dúró sídìí sítóòfù, ó ń yí ẹyin rẹ̀ kẹfà, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Opal wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbòòrò.

"Ọ̀rọ̀ mi dúró," ló wí. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Ó mọ̀ pé irọ́ lòun pa. Ohun kan ṣoṣo tó ń fẹ́ láyé lọ́jọ́ yẹn ni kí aago mẹ́rin lù, kí ọmọ náà ṣì padà wá jẹun alẹ́ nílé òun.

Ní aago méjì, ó ti jókòó sí pápá àwọn Òwìwí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Royce, àbúrò Emmett. Royce ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì dàgbà. Èrò tirẹ̀ lòdì sí ti Opal pátápátá: kí wọ́n má ta ọmọ kankan láéláé.

"Ìyàwó wa," ni Royce wí, "mo gbọ́ ọ ní rédíò. O ti fi ọmọ ọlọ́mọ ta ọrẹ."

"Jẹ búrẹ́dì rẹ, ọkọ mi kékeré."

"Ta ni yóò máa fọ abọ́ fún ọ? Ṣé Teague?"

"Mo ní kí o jẹun."

"Mo gbọ́ pé Teague náà mọ abọ́ fọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ló ń lò. Ìdajì abọ́ ni yóò máa mọ́."

Opal fi bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì sọ ọ́ lójú.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá mọ bésíbọ́ọ̀lù kì í wo pápá. Ibi ìjókòó àwọn agbábọ́ọ̀lù ni gbogbo ojú ń wò. Bí olùkọ́ bá yọ ẹnìkan jáde láìfarapa, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dìde, tí wọ́n ń dì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé ó parí: wọ́n ti tà á. Ní abala kẹta, obìnrin kan pariwo pé, "Wọ́n ń dì mọ́ra!" Gbogbo èèyàn dìde, bíà dà sílẹ̀. Àṣé àwọn ọmọ méjì ló ń ja ike omi gbà. Ní abala karùn-ún, olùkọ́ gbé ọwọ́ lé èjìká ẹnìkan, gbogbo èèyàn tún dìde. Kòkòrò ló ń lé kúrò lára rẹ̀.

"Ọkàn mi ò lè gba èyí," ni Opal wí.

"Ìwọ lo ní ìlérí lásán ni wọ́n," ni Royce dáhùn.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́rin lù, olùkọ́ àwọn Òwìwí jáde sí pápá. Kò wo ajubọ́ọ̀lù. Ó na ìka sí ibùdó kẹta, ó sì fi ọwọ́ pe Paulino.

Ọmọ náà sáré wọlé bí ìṣe rẹ̀, ajá lẹ́yìn, ajá níwájú. Olùkọ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Yeferson bọ́ fìlà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó dì mọ́ ọn. Ẹni kejì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù gbé e kúrò nílẹ̀ pátápátá.

Àwọn èrò ìwòran yíjú sí Opal, nítorí gbogbo Wexley ló mọ ilé tí ọmọ náà ń sùn.

Opal kò sunkún. Fóònù ló fà yọ. Wọ́n mọ nọ́ńbà rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Garvin! Olè ni yín! Gbogbo yín pátá! Ẹ kó ọmọ tó ń fọ abọ́ láìrán an níṣẹ́ lọ, ẹ fi gba ọkùnrin tí dókítà ti la apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Ta ló jókòó sí ọ́fíìsì yẹn? Ṣé ó ní ìyá? Ìyá rẹ̀ ha mọ iṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Màmá, ní òwúrọ̀ yìí ẹ ní ọ̀rọ̀ yín—"

"Ní òwúrọ̀ yìí mo purọ́!"

Royce rẹ́rìn-ín débi pé ó di irin ìjókòó mú kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ kejì di èjìká Opal mú, kò sì jẹ́ kó bọ́.

"Mo purọ́," ni Opal tún wí, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n tà á. Bí a ò bá gba ife títí tí mo fi kú, kò burú."

"Màmá! Màmá Opal!"

Ohùn yẹn kì í ṣe ti Garvin. Yeferson ló gun irin ààbò ìsàlẹ̀ wọn, iyanrìn kún orúnkún rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí àwo tuntun.

"Màmá, ẹ má bú wọn mọ́! Wọn ò tà mí! Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lókè. Lọ́dọ̀ àwọn Alágbẹ̀dẹ! Lónìí! Aago méje ni eré!"

Opal ké. Royce ké. Ọkùnrin kan tí wọn kò mọ̀ rí fẹnu ko Opal lórí, ó sì ń tọrọ gáfárà bó ti ń ṣe é. Àwọn èèyàn ń fò lórí àga, eré ṣì ń lọ nínú pápá, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ajubọ́ọ̀lù àwọn àlejò dúró, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ṣìnà wọ ìgbéyàwó.

Royce ló kọ́kọ́ dákẹ́. Ó ń wo fóònù rẹ̀.

"Ìyàwó wa," ló wí, kò sì sí ẹ̀fẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. "Ibùdó kẹta ṣófo lókè. Rasmussen ni wọ́n tà. Òun ni wọ́n fi gba Teague."

Dell Rasmussen. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣọ́ ibùdó kẹta fún àwọn Alágbẹ̀dẹ. Opal àti Emmett wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù, nínú òjò, lábẹ́ agbòjò kan ṣoṣo. Nígbà tí Emmett dùbúlẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tí kò lè jẹun mọ́, ọ̀rọ̀ Rasmussen ni wọ́n fi ń lé òru lọ. Àwọn méjèèjì gbà pé ọ̀dọ̀ àwọn Alágbẹ̀dẹ ni Rasmussen yóò ti fẹ̀yìn tì.

Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ Opal. "Màmá?" ni Garvin ń wí jẹ́jẹ́ láti inú rẹ̀. "Ẹ ti gbọ́ ti Rasmussen. Gbogbo wa ń retí yín. Kí lẹ wí?"

Opal wo ọmọ tó dúró lórí irin. Yeferson ti gbọ́ orúkọ náà. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró sí ìdajì, ó ń wo ojú Opal láti mọ̀ bóyá kí òun máa yọ̀ lọ tàbí kí òun dáwọ́ dúró.

"Garvin," ni Opal wí, "ó dára."

"Ó dára?"

"Ó dùn mí wọ egungun, ó sì dára. Rasmussen ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ti rí i, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wí i lójú mi. Ẹ sọ fún un pé kó máa lọ ní àlàáfíà, pé obìnrin kan ní Wexley dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó fa imú. "Ó yá, ẹ gbé orin sí i. A ní ọ̀nà wákàtí méjì láti rìn."

Ó yíjú sí Yeferson. "Kí lo ń wò? Lọ gbé báàgì rẹ! Wẹ ẹsẹ̀ yẹn!"

Royce ló wa ọkọ̀. Opal jókòó níwájú, ó yíjú sẹ́yìn ní gbogbo ọ̀nà, ó ń kọ́ ọmọ náà bí yóò ti wọlé. Kó kọ́kọ́ kí àwọn àgbà. Kó má jókòó sí àga Rasmussen àfi bí wọ́n bá fi í síbẹ̀. Kó má gba sìgá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Jẹ́ kí ọmọ mí," ni Royce wí.

Wọ́n yà ra epo ní ìdajì ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Yeferson ti rí ìyá rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nereida ni orúkọ ìyá náà, kò gbọ́ èdè Opal, Opal kò sì gbọ́ tirẹ̀. Igbe tó ké láti Baní jáde nínú fóònù débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí òrùlé ilé epo. Opal gba fóònù, ó sì ké padà.

"Ó ti jẹun!" ló ń pariwo. "Ẹ gbọ́, ìyá rẹ̀! Ó jẹun dáadáa!"

Nereida ń ké ohun kan. Opal ń dá a lóhùn. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Ọkùnrin tó ń ta epo jáde síta, fìlà àwọn Alágbẹ̀dẹ lórí rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan, ìyá?"

"Ẹ wò ó, òun nìyẹn," ni Opal wí, ó na ọwọ́ sí Yeferson tó ti bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, tó ń fi ṣòkòtò nu ọwọ́ rẹ̀. "Ẹni tí yóò ṣọ́ ibùdó kẹta lálẹ́ òní."

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà fún Rasmussen. Lẹ́yìn náà ló dé e padà, ó sì fi ojú wọn ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé ó lè gbá bọ́ọ̀lù?"

"Èyí tó bá wá tààrà, yóò gbá a kọjá odò."

"Èyí tó ń yà bàrá ńkọ́?"

Opal wo ẹ̀yìn kó má baà jẹ́ pé ọmọ náà ń gbọ́. "Kò tíì mọ̀ ọ́n gbá," ló wí lábẹ́lẹ̀. "Ojú rẹ̀ yóò rí màbo títí di oṣù kẹsàn-án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì bú u."

Ọkùnrin náà rò ó dáadáa.

"Mi ò ní bú u títí di ọjọ́ Ẹtì," ló wí. "Kò ju ìyẹn lọ."

"Ọjọ́ Ẹtì dára," ni Opal wí, ó sì sáré wọ ọkọ̀.