Téèpù Ọwọ́ Mi Nínú Ogun Kolin

Mi ò fẹ́ràn Alec Thwaite, mi ò sì ní í díbọ́n. Ó mọ ìtàn ogun ju gbogbo wa lọ, ṣùgbọ́n kò lè rí iṣẹ́ ẹlòmíràn kó má wá àbùkù sí i.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Hedley ọ̀rẹ́ mi fi kun àwọn ọmọ-ogun Prussia rẹ̀ kó tó kú, irinwó ọmọ-ogun òjé tí kò sí èyí tó ga ju ìka lọ nínú wọn. Òfin ẹgbẹ́ wa tó ń fi ọmọ-ogun òjé ṣeré ogun, ní Matlock ní England, ni pé bí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú, ẹgbẹ́ ló ni ọmọ-ogun rẹ̀. Bí ẹni méjì bá sì fẹ́ gbà wọ́n, orí tábìlì ni wọ́n ti máa jà á, ẹni tó bá borí ló ni wọ́n. Rowena, ọmọ Hedley obìnrin, fẹ́ gbà wọ́n. Alec náà fẹ́ gbà wọ́n.

"Ẹ wo etí apá ẹ̀wù àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn," Alec wí. "Búlúù ni Hedley fi kùn ún, pupa ló yẹ kó jẹ́. Tí wọ́n bá dọ́wọ́ mi, inú omi tó ń bó ọ̀dà ni màá rì wọ́n sí, kí n tún wọn kùn."

Rowena gbé àpótí bàbá rẹ̀ wá. Ó ṣí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n sórí tábìlì.

Ogun Kolin, èyí tí Prussia bá Austria jà lọ́dún 1757, la jà lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́sàn-án Sátidé. Èmi Cedric ni adájọ́, èmi nìkan ni mo ń di téèpù tí a fi ń wọn ìrìn mú. Rowena ni Prussia, Alec ni Austria, ó sì kó ìbọn àgbá rẹ̀ sórí òkè tó wà lórí tábìlì. Nígbà tó fi di aago mẹ́rin, tíì ti tutù nínú ife gbogbo wa. Ó ku ìrìn kan ṣoṣo. Bí ẹlẹ́ṣin mẹ́fà tó ṣẹ́ kù fún Rowena bá dé ìdí àgbá Alec, ó lè borí. Bí wọn ò bá débẹ̀, Alec á yin àgbá, ó parí nìyẹn.

"Íǹṣì méjìlá ni ẹṣin ń sáré nínú ìrìn kan," Alec wí. "Ẹ wọ̀n ọ́n, adájọ́. Ẹ má jẹ́ kọ́wọ́ yín gbọ̀n o."

"Ọwọ́ ta ló ń gbọ̀n? Gbọ́ tìẹ, jàre!"

Mo bẹ̀rẹ̀ sórí tábìlì. Iwájú pátákó tí ẹṣin dúró lé la ti ń wọn ìrìn. Mo tẹ́ téèpù, íǹṣì méjìlá kò pé dé ìdí àgbá. Ó ku bí ìbú èékánná. Mo rí etí apá ẹ̀wù búlúù wọ̀nyẹn, mo rántí bí Hedley ṣe máa ń sé èémí tó bá ń kùn wọ́n. Mo rọra sún téèpù síwájú.

"Ó pé," ni mo wí.

Alec wo téèpù, ó wo ojú mi. A kì í bá adájọ́ jiyàn nínú ẹgbẹ́ wa, ó sì ti dáìsì sí Rowena. Rowena da dáìsì: mẹ́fà, èyí tó ga jù. Àgbá bọ́ sọ́wọ́ Prussia, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń wòran pàtẹ́wọ́. Inú mi ń dùn.

Rowena nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ́ńkù Cedric, ẹ fún mi ní téèpù yẹn."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? O ti borí, ọmọ mi."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó dá àwọn ẹṣin padà sídìí àmì ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ti gbéra, ó wọ̀n ọ́n lójú gbogbo wa.

"Kò pé. Bàbá mi kì í fi téèpù purọ́. Ọ̀gbẹ́ni Thwaite, ẹ yin àgbá yín."

"Rowena, fara balẹ̀ ná..." ni mo wí.

"Ẹ yìn ín!"

Alec da dáìsì. Ẹlẹ́ṣin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lórí tábìlì, Alec ló borí. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Alec ń kó wọn sápótí lọ́kọ̀ọ̀kan, Rowena dúró tì í.

"Ìgbà wo lẹ máa rì wọ́n sínú omi yẹn?"

"Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn."

"Màá wá. Èmi ni màá bó ọ̀dà wọn. Mi ò fẹ́ kọ́wọ́ ẹlòmíràn pa iṣẹ́ bàbá mi rẹ́."

Alec pa àpótí náà dé. Ó gbà fún un. Àwọn méjèèjì jọ gbé àpótí náà jáde, kò sì sẹ́ni tó pè mí pé kí n wá bá wọn dì í mú.