Ibi Tí Wọ́n Bí Triphena Sí

Ó ti pé oṣù mẹ́fà tí Melvina ti kú, síbẹ̀ Chesley Burry kò tíì ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti jókòó fún ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń wá orúkọ àwọn òkú ìdílé rẹ̀ jọ sínú ìwé. Ní ọjọ́ Ajé kan, Glenda ọmọ wọn pè é lórí fóònù láti ìlú St. John's, níbi tó ń gbé.

"Dádì, Fúráìdeè ni àwọn atẹ̀wé fẹ́ gba ìwé Mọ́mì. Gbogbo ẹ̀ ti pé. Ibì kan péré ló ṣófo."

"Ibo nìyẹn?"

"Ibi tí wọ́n bí Màmá Triphena sí."

Triphena ni ìyá Melvina. Gbogbo ẹbí ló mọ̀ pé erékùṣù Kittle ló dàgbà sí, níbi tí òkun ti là gbalaja, kí ìjọba tó kó gbogbo ará ibẹ̀ kúrò. Nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1921, Kittle ni wọ́n kọ sí iwájú orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, ó sì hàn kedere. Ṣùgbọ́n iwájú orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, tí akànìyàn fi ìkánjú kọ wúruwùru, tí ẹlòmíràn sì tún fi pẹ́ńsù dúdú fa ilà kọjá lórí rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni àwọn kan nínú ẹbí ṣe ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn òbí Triphena kọ́ ló bí i, pé ńṣe ni wọ́n gbà á tọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dun Melvina. Ó kọ lẹ́tà sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rìnlá. Mọ́kànlá dá a lóhùn, kò sí ọ̀kan tó ràn án lọ́wọ́.

"Winnie, ìbátan Mọ́mì, ní ọ̀rọ̀ yẹn jọ Waterford lójú òun," ni Glenda wí. "Ó ní Áyálándì ni wọ́n ti gbé e wá."

"Winnie! Bí ọbẹ̀ bá ta sí Winnie láṣọ, á ní Áyálándì lòun rí níbẹ̀."

Glenda rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kàn kọ 'a kò mọ̀' síbẹ̀, Dádì?"

"Má kọ ọ́. Fún mi di Tọ́sìdeè."

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣe é sọ fún ọmọ lórí fóònù. Ní oṣù Fẹ́búárì tó kọjá, nígbà tí àìsàn ti dá Melvina dùbúlẹ̀, ó na ìwé ìkànìyàn náà sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bàbá Glenda, bá mi wo eléyìí. Ojú tìẹ dá ju tèmi lọ." Chesley dá a lóhùn pé, "Fi àwọn òkú sílẹ̀ jàre, Melvina. Àwa tá a wà láyé ńkọ́?" Melvina ká ìwé náà, ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ní oṣù Máàṣì ló kú.

Ó ṣí yàrá náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó rí ìwé ọ̀hún, ojú ìwé méjì gbáko, tí Melvina ti fi bírò pupa yí ìlà Triphena nìkan po. Ó gbé e sójú fèrèsé. Ó fi awò ìyàwó rẹ̀ wò ó. Kò rí nǹkan kan tí àwọn èèyàn kò tíì rí ṣáájú rẹ̀. Ìdílé mẹ́rin ló wà lójú ìwé náà, pẹ̀lú orúkọ, oṣù àti ọdún tí wọ́n bí kálukú, àti ibi tí wọ́n bí i sí. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ká ìwé náà, ó sì lọ sùn láìjẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó jáde lọ to igi ìdáná sí ẹ̀gbẹ́ ilé, nítorí ìgbà òtútù kò jìnnà mọ́. Ogójì ọdún ló fi gé igi nínú igbó fún ilé iṣẹ́ onípépà. Kò sí ohun tó mọ̀ tó bí ó ṣe mọ iye igi tí ilé kan máa jó kí yìnyín tó yọ́. Bó ṣe ń tò ó ló ń ṣírò. Ìṣirò yẹn ló mú un rántí ìgbà kan ṣoṣo tí Melvina mú un lọ sí Kittle láti lọ wo sàréè. Àpáta lásán ni, láti etí òkun dé etí òkun. Kò sí igi kan níbẹ̀ tó ga dé orúnkún rẹ̀.

Ó dúró pẹ̀lú ìtì igi lọ́wọ́.

"Kí ni wọ́n fi ń dáná?" ló bi ara rẹ̀.

Ó wọlé tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀, ohun tí Melvina kò ní gbà láéláé. Kò tún wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà lórí mọ́. Oṣù ló ń wò. Wọ́n bí Triphena ní Fẹ́búárì. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀kan ní Júláì, èkejì ní Ọ́gọ́ọ̀sì. Ó bọ́ sórí ìdílé kejì, ó bọ́ sórí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nígbà ooru, Kittle ló wà níwájú wọn. Àwọn méje tí wọ́n bí láàárín Dìsẹ́ńbà sí Máàṣì, ọ̀rọ̀ wúruwùru kan náà ni, pẹ̀lú ilà pẹ́ńsù kan náà. Ọmọ méje láti inú ìdílé mẹ́rin. Ta ló máa gba ọmọ méje tọ́, kó sì jẹ́ pé ọmọ ìgbà òtútù nìkan ni?

Ó wa ọkọ̀ lọ sí ilé àwọn arúgbó, lọ́dọ̀ Selby Hounsell. Selby ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú àwọn tó gbé ní Kittle láyé àtijọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Chesley Burry ni, Bàbá Selby. Ọkọ Melvina."

"Melvina ọmọ Triphena. Mo gbọ́ pé ó lọ." Bàbá náà na ọwọ́, ó di ọwọ́ Chesley mú, kò sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. "Jókòó. Tíì wà níbẹ̀ yẹn. Má pò ó fún mi o, ẹ̀yin agégi ò mọ tíì pò."

Chesley jókòó. "Bàbá Selby, nígbà tí ẹ wà ní Kittle, ibo lẹ máa ń wà lóṣù Fẹ́búárì?"

"Ní Kittle kẹ̀? Lóṣù Fẹ́búárì? Ṣé o fẹ́ kí òtútù pa wá ni? Àwọn ẹyẹ òkun gan-an kì í dúró níbẹ̀."

"Ibo lẹ máa ń lọ?"

"Odò Neddy. Inú lọ́hùn-ún, níbi tí igbó wà. Tó bá ti di Nòfẹ́ńbà, bàbá mi á kó ìkòkò, ewúrẹ́, ìyá àgbà, gbogbo wa pátá sínú ọkọ̀. Ahéré mẹ́rin la ní níbẹ̀. Igi wà, ẹran ìgbẹ́ wà, afẹ́fẹ́ òkun ò sì lè débẹ̀. Tí yìnyín bá ti yọ́, a tún padà sí Kittle lọ pẹja. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tá a lọ kẹ́yìn."

"Ta ni Neddy?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìwọ náà má wá bẹ̀rẹ̀ o! Ìbéèrè Melvina nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

"Kò bi yín nípa Odò Neddy?"

"Báwo ló ṣe máa bi mí? Ibi tí ìyá ẹ̀ gbé dàgbà ló bi mí, mo ní Kittle. Ta ló ń ka Odò Neddy sí ìlú? Ibi tá a ti ń yáná lásán ni."

Chesley gbé ife tíì sílẹ̀. "Àwọn kan ní wọ́n gba Triphena tọ́ ni."

"Winnie nìyẹn! Ìyá ìyá mi ló gbẹ̀bí Triphena. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa. Yìnyín bo ilẹ̀kùn ahéré wọn mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú fèrèsé ni wọ́n ti fa ìyá àgbà wọlé, ó sì sanra." Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró. "Ìyá mi gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí."

Ní ọjọ́bọ̀, Chesley pe Glenda, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí. Ó ní Odò Neddy ni ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó sì dà bíi pé ẹni tó fa ilà pẹ́ńsù wá a nínú ìwé orúkọ àwọn ìlú, kò rí i, ló bá pa á rẹ́. Ẹkún ni Glenda ń sun.

"Ọmọ wọn ni," ló wí nígbà tó yá. "Ọmọ bíbí inú wọn ni. Dádì, ẹ ṣeun. Màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ rí i."

"Má dán an wò."

"Kí ló dé?"

Ó sọ ọ̀rọ̀ oṣù Fẹ́búárì fún un, àti ìrọ̀rí tí Melvina fi ìwé náà sábẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ṣókí, kò ṣe àwáwí.

"Dádì, àìsàn ló wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà. Mọ́mì mọ̀."

"Mi ò pè ẹ́ kó o tù mí nínú, Glenda. Ṣé ìwé náà wà níwájú ẹ?"

"Ó wà níbí."

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni Melvina fi wá a. Ó ní kí ọkọ òun bá òun wò ó, ọkọ ò wò ó. Ìgbà tó kú ni ọkọ tó jókòó tì í, wákàtí mẹ́ta ló sì gbà á lọ́jọ́ tó rí i."

"Wọn kì í kọ irú ẹ̀ sínú ìwé ẹbí."

"Ṣé èmi kì í ṣe ẹbí ni?"

Chesley gbọ́ tí Glenda bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, díẹ̀díẹ̀, tó ń fa imú. Lẹ́yìn náà ó dúró.

"Dádì, wákàtí mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́ta," ni Chesley wí. "Kọ ọ́ bó ṣe rí."