Dísìkì Inú Páànù

Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi. Èérún irin ló fọ́ èkejì nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin, ọdún yẹn náà sì ni màmá mi kó gbogbo ẹ̀rọ wọn tà. A rò pé ọ̀rọ̀ irin ti parí nílé wa, àfi ìgbà tí Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn làwọn máa ṣe irin tí Màmá á máa dì mú lára ògiri.

Mo ní kí a pe ẹlòmíì. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú wọn.

"Jórinjórin ń bẹ nílé, o fẹ́ lọ wá jórinjórin níta? Lọ ra ẹ̀rọ ìgérin wá."

Mo lọ, nítorí bí mi ò bá lọ, èyí tó tóbi jù lọ ni wọn yóò lọ rà. Obìnrin tó ń ta irinṣẹ́ bi mí pé ta ló máa lò ó. Mo ní bàbá mi ni, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Kíá ló gbé ẹ̀rọ ńlá kúrò níwájú mi. Ó mú kékeré kan tó ń kú fúnra rẹ̀ bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀. Ó kó dísìkì, abẹ róbótó tí ẹ̀rọ náà ń yí, èyí tó fẹ́lẹ́ fún gígé, ó kó èyí tó nípọn fún dídán.

"Ẹ wo nọ́ńbà yìí," ó ní. "Iye ìgbà tí dísìkì lè yí ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá sáré jù ú lọ, á fọ́, á sì máa fò kiri."

Mo ra gíláàsì ojú mọ́ ọn. Inú mi dùn, mo ń rìn bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí.

Bàbá yin ẹ̀rọ náà títí. Wọ́n wá ti dísìkì tuntun sápá kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa páànù bisikíìtì kan jáde lábẹ́ ibùsùn. Àwọn dísìkì ẹ̀rọ ńlá wọn àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, tí irin ti jẹ títí wọn ò fi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà," wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Èyí tó bá ti kéré jù fún ẹ̀rọ ńlá, a máa ń gbé e sórí ẹ̀rọ kékeré ni. A kì í jù ú nù."

Mo mú ọ̀kan, mo ka nọ́ńbà ara rẹ̀.

"Bàbá, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ni wọ́n kọ síbí. Ẹ̀rọ yìí ń sá ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá!"

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe é ni."

"Ṣé wọ́n ti jórin rí?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, wọ́n ń de dísìkì náà mọ́ ẹ̀rọ. Mo sáré bá Màmá lórí ibùsùn pé kí wọ́n bá mi dá sí i.

"Jẹ́ kí wọ́n ṣe é," Màmá ní. "Ìgbà wo lo ti gbọ́ orin lẹ́nu wọn kẹ́yìn?"

Inú bí mi sí àwọn méjèèjì. Mo ní kí n bá wọn gé àwọn páìpù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe irin náà, Bàbá kọ etí ikún sí mi. Mo fi gíláàsì bò wọ́n lójú, wọ́n tì í sókè sí iwájú orí, wọ́n ní kì í jẹ́ kí ojú kan tó kù ríran. Wọ́n ní bí mi ò bá ní di páìpù mú, àwọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu lásán.

Mo dì í mú.

Iná ń ta pàràpàrà, mo di ojú, mo ń ké pe Ọlọ́run nínú. Páìpù gé, ó dán bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Dísìkì ò ṣe nǹkan kan.

"Ó fọ́ bí?" Bàbá bi mí.

Bó bá jẹ́ pé ó ya díẹ̀ péré, ǹ bá rí nǹkan wí. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí páìpù kejì. Mẹ́fà ló kù. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n sún ojú kan ṣoṣo yẹn mọ́ àmì náà kí wọ́n lè rí i.

"Dì í mú dáadáa," wọ́n ní.