Kásẹ́ẹ̀tì Tó Ń Gbàgbé

Ọjọ́ kan náà ni ìyàwó méjì bímọ fún ọkùnrin kan. Ọ̀kan bí obìnrin, èkejì bí ọkùnrin, ní ọsibítù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, aago ara ògiri sì ti kú ní ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìyá kọ̀ọ̀kan ní ọmọ tòun ló kọ́kọ́ dé. Bí wọ́n bá bi bàbá, á ní òun kò sí níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n oníbàárà lòun ń tún ṣe lọ́wọ́. Báyìí ni àwọn ọbàkan méjì yìí ṣe dàgbà láìsí ẹ̀gbọ́n, láìsí àbúrò. "Ìwọ" lọkùnrin ń pe obìnrin, "ìwọ" lobìnrin náà fi ń dá a lóhùn, kò sì sí èyí tó jẹ́ fi "ẹ" kan ṣoṣo ta èkejì lọ́rẹ.

Obìnrin yìí ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Rédíò. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá wọn, ogún ọdún ló sì ti fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkùnrin ni Tíṣà, tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Nígbà tí bàbá wọn kú, ìwé tó fi sílẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: "Kí ẹ̀gbọ́n gba ṣọ́ọ̀bù." Ẹ wo arúgbó yìí! Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀gbọ́n nílé òun, ó kọ ọ́, ó sì sùn lọ.

Àbúrò bàbá wọn gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ̀rọ Jàpáànù yẹn ṣì wà?" ó bi wọ́n. "Ohun tó dá ìjà yín sílẹ̀ ni kó parí ẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ délé lójú ẹ̀rọ ni ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá bà á jẹ́, kó kó ẹrù ẹ̀ jáde."

Géèmù àtijọ́ ni ẹ̀rọ náà. Oníbàárà kan ló gbé e wá fún àtúnṣe tí kò padà wá gbé e mọ́. Bí o bá ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ọ̀nà kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, onílé-onílé bíi ti lúdò, á yí òkè kan po títí dé ẹnu ilẹ̀kùn pupa kan. O tẹ bọ́tìnnì, dáìsì á yí, ọmọ ayò rẹ á máa fò láti ilé dé ilé. Èdè Jàpáànù ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, nítorí náà àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ àwọn ilé náà lórúkọ. Ilé funfun ni Sinmi. Ilé búlúù ni Má Yọ̀ Jù. Ilé dúdú, níbi tí arúgbó kan ti ń jáde fi ọ̀pá lé èèyàn padà sísàlẹ̀ òkè, òun ni Ó Tán Lẹ́nu Ẹ. Nítorí arúgbó yẹn, eré kan lè gba oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ta á nígbà èwe. Ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló kù díẹ̀ kí ọ̀kan wọlé, tí wọ́n tan ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n bá gbogbo rẹ̀ tó ti parẹ́. "Ìwọ lo pa á rẹ́!" "Irọ́ ni, ìwọ ni!" Lẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin fi eyín rẹ̀ sí ọkùnrin léjìká, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọkùnrin fi òkúta fọ́ rédíò àkọ́kọ́ tí obìnrin fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Látìgbà náà, ìkíni wọn kò kọjá "hùn".

Ní báyìí, oṣù márùn-ún ni wọ́n ti fi ń ta á ní ọ̀sán Sátidé, lórí tábìlì iṣẹ́ bàbá wọn. Ó ku ilé mẹ́ta péré kí Tíṣà kan ilẹ̀kùn pupa. Sátidé tó kọjá, kó tó lọ, ó fi ẹsẹ̀ wọn ṣọ́ọ̀bù náà láti ògiri dé ògiri.

"Pátákó ìkọ̀wé á wà níbí," ó ní. "Àwọn òkú tẹlifíṣọ̀n yìí, ààtàn."

"Wọ̀n ọ́n dáadáa," ni Ọ̀gá Rédíò dá a lóhùn. "Bóyá wọn á rí ọ sin síbẹ̀."

Láàárọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e, Ọ̀gá Rédíò tilẹ̀kùn mọ́rí, ó tú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí ọmọdé kò mọ̀, oníṣẹ́ mọ̀ ọ́n: bátìrì róbótó kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá a rántí eré. Yọ ọ́, kó gbàgbé. Bátìrì sì máa ń kú fúnra rẹ̀; ta ni yóò mú un? Gírámà ni Tíṣà mọ̀. Ó mú irin gbígbóná, ó yọ́ òjé tó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, bátìrì já bọ́. Inú rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Ó fi tuntun sí i, ó wá mú ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì láti fi dé e. Ojú rẹ̀ lọ sínú ìdérí náà, bí ojú oníṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti máa ń lọ. Òfin bàbá wọn ni pé ẹni tó bá ṣí nǹkan gbọ́dọ̀ fi pẹ́ńsù kọ ohun tó ṣe sínú rẹ̀, àti ìdí tó fi ṣe é. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ bàbá wọn ni.

"Mo yọ bátìrì. Obìnrin fẹ́ wọlé."

"Mo yọ bátìrì. Ọkùnrin fẹ́ wọlé."

"Mo yọ bátìrì. Obìnrin."

"Mo yọ bátìrì. Ọkùnrin. Kí n má rí ọjọ́ tí ọ̀kan á borí èkejì."

Ọ̀gá Rédíò jókòó. Ó rántí adùn ẹ̀jẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ tó gé ọmọ bàbá rẹ̀ jẹ. Bàbá wọn ló fi oògùn pa ojú egbò náà, kò sì jẹ́wọ́. Inú bí i sí òkú náà débi pé ó fẹ́ kígbe. Ẹni tó ní òun kò fẹ́ ìjà ló ń ko iná sílé, tó ń wo àwọn ọmọ tí wọ́n ń fẹ́ ẹ!

Ó lè dé e padà. Ó lè ní bátìrì ló kú. Ṣùgbọ́n ohun tí bàbá wọn ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin gan-an nìyẹn. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ìlà karùn-ún.

Tíṣà dé lọ́sàn-án, ó ń fọn fèrè lẹ́nu.

"Kí lo tú kásẹ́ẹ̀tì fún?"

"Kà á."

Ó kà á. Ó tún un kà. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí èjìká rẹ̀.

"Ìwọ kọ́, nígbà yẹn."

"Èmi kọ́. Ìwọ náà kọ́."

"Ti ìsàlẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn, èmi ni. Láàárọ̀ yìí."

Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "O jẹ mí bí ajá lórí ohun tí mi ò ṣe. Ìgbà tí o wá dàgbà tán lo lọ ṣe é fúnra rẹ."

"Ìwọ náà fọ́ rédíò mi."

"Mo fọ́ ọ. Mo sì gbádùn ẹ̀." Ó na ọwọ́. "O mọ àdéhùn. Kọ́kọ́rọ́."

Ọ̀gá Rédíò yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ gbà á, Ẹ̀gbọ́n."

Láti kékeré ni Tíṣà ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó wá dé, bí ìgbátí ló ṣe bà á.

"Dìde. Má pè mí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni, sà?"

Tíṣà gba kọ́kọ́rọ́. Obìnrin náà kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Pẹ́ńsù nìkan ló fi sílẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìdérí kásẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ̀gbọ́n," ó pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin náà ṣe síbẹ̀ o. Àti ìdí ẹ̀."