Owó Ọwọ́ Tó Ń Dín Dósà

Láti ọjọ́ tí Ilango, àbúrò mi, ti ti Ọsirélíà dé ni mo ti mọ̀ pé ó ní ohun tó fẹ́ bá mi sọ. Kò tíì sọ ọ́. Ṣíṣírò owó ló ń ṣírò kiri Kumbakonam, ìlú wa ní Íńdíà. Dọ́là kan tọ̀hún jẹ́ rúpìì márùndínlọ́gọ́ta wa, nítorí náà bó bá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́fà ní ọgbọ̀n rúpìì, á dúró sójú títì, á dijú, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò tó dọ́là kan!" Ó gẹrun ní ọgọ́rùn-ún rúpìì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó tún fẹ́ padà lọ gẹ̀ ẹ́ nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Mo ní kò sí irun tó kù lórí rẹ̀ mọ́.

Èmi Sornam, dósà, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ìrẹsì àti ẹ̀wà lílọ̀ dín, àti ídlì tí a fi ooru sè, ni mò ń tà. Tábìlì mẹ́fà ni ilé oúnjẹ mi ní. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni mo ti ń tún ọlọ mi tó ń lo iná ṣe fúnra mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u, ó yà mí lẹ́nu láti rí i pé ìyá ọlọ ló ń yí, tí ọmọ ọlọ sì dúró sójú kan. Òdìkejì ni mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí. Láti ìgbà náà, n kì í gba nǹkan gbọ́ bí n kò bá tíì tú u wò.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, nígbà tí èrò ti dín kù, Ilango jókòó sídìí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi ń ṣe abọ́, ó ń jẹ dósà. Kathirvel, bíríkìlà tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi láràárọ̀, wà ní iwájú rẹ̀. Muniyamma, obìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ń gbé korobá sáńbà kiri, ó ń bu ọbẹ̀ náà sórí ewé ẹni tó bá fẹ́.

Ilango ní, "Lọ́hùn-ún, dósà kan, dọ́là méjìdínlógún. Rúpìì ẹgbẹ̀rún dín mẹ́wàá!"

Rúpìì márùndínláàádọ́ta ni mò ń ta tèmi.

"Bẹ́ ẹ bá sì ní kí wọ́n tún bu sáńbà sí i, dọ́là mẹ́ta ni."

Kathirvel gbé ọwọ́ kúrò lẹ́nu. "Wọ́n ń ta àbùsí ọbẹ̀?"

"Wọ́n ń tà á."

"Ọ̀gá Ọsirélíà, mo ti ń wò ẹ́ látàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Muniyamma ti bu sí i fún ẹ. Dọ́là mẹ́sàn-án ti wà lọ́rùn ẹ o! Ẹ má jẹ́ kó jáde!"

A rẹ́rìn-ín. Kathirvel wá bi í pé, "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń jẹun níta lọ́sẹ̀, lọ́hùn-ún?"

"Lọ́sẹ̀ kẹ̀? Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo jẹun níta gbẹ̀yìn lọ́hùn-ún. Búrẹ́dì ni mò ń gbé sínú ọkọ̀ ẹrù tí mò ń wà."

"Èmi tí mò ń po sìmẹ́ǹtì, níta ni mò ń jẹ láràárọ̀. Ta wá ni olówó nínú àwa méjèèjì?" Ó ká ewé rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, bí ẹni tí oúnjẹ tẹ́ lọ́rùn tó sì máa padà wá ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìgbà náà ni Ilango fa ìwé kan yọ lápò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti ilé oúnjẹ yìí pa, ká jọ máa lọ. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Àwọn yòókù ń ta dósà ní méjìdínlógún, àwa á tà á ní mẹ́rìnlá. Èrò á pọ̀ débi pé wọn ò ní rọ́nà wọlé. Aláṣọ ẹ̀gbẹ́ yín sì ti ní òun á gba ibí. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gbọ́ èsì."

Kí n má purọ́, ọkàn mi fà sí i. Orúnkún ń dùn mí, n kò sì wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Aṣọ tí mo máa wọ̀ tiẹ̀ ti wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo gba ìwé náà, mo ní kó jẹ́ ká tú u wò.

"Méjìdínlógún ti àwọn yẹn, báwo ni wọ́n ṣe pín in?"

Ó mọ̀ ọ́n, ó ti bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń se dósà níbẹ̀. Mẹ́ta fún ìrẹsì, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti òróró. Márùn-ún fún ilé àti iná. Méjì fún ìjọba. Mẹ́jọ fún àwọn tó ń dín in, tó ń gbé e, tó ń fọ abọ́.

"Tiwa ńkọ́?"

"Mẹ́ta, márùn-ún, méjì. Mẹ́wàá nìyẹn. A tà á ní mẹ́rìnlá, èrè mẹ́rin!"

"Ọwọ́ dà?"

"Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ tó ń dín in."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kọ́ ni? Ṣé mo máa wá san owó iṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Ọlọ ń yí lẹ́yìn wa. Mo ti ìwé náà padà síwájú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ilango kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò tíì tú u wò ni.

Èmi náà jókòó, mo ń rò ó. Ìrẹsì kọ́ ló sọ dósà wọn di ọ̀wọ́n. Wọ́n ń sanwó ọwọ́ fún gbogbo èèyàn, ìdí nìyẹn tí owó Ilango fi pọ̀, ìdí kan náà sì ni kò fi lè jókòó jẹ oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè. Bí Kathirvel bá ń jẹ níta láràárọ̀ níbí, ọwọ́ èmi àti Muniyamma ló pọ́ọ́kú. Ìyẹn kò dùn mọ́ mi tó bí mo ṣe rò.

Lọ́jọ́ kejì, Muniyamma mú ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Ilango ní òun á gbé korobá. Láti aago mẹ́fà títí di mọ́kànlá ló fi ń bu sáńbà, tó ń kó ewé, tó ń nu tábìlì. Nígbà tó jókòó, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ èkejì. Mo gbé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rúpìì ka iwájú rẹ̀, iye tí mò ń fún Muniyamma láàárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ṣé mo máa gbowó lọ́wọ́ yín ni?"

"Gbà á. Ọwọ́ ẹ ni mo rà."

Ó wo owó náà pẹ́. Kò fi dọ́là ṣírò rẹ̀. Ó fa ìwé rẹ̀ yọ, ó kọ mẹ́jọ tí wọ́n ń san fún ọwọ́ sábẹ́ méjì, ó rò ó pọ̀. Méjìdínlógún. Ó tún un rò, ó sì rọra pa ìwé náà dé.

"Kò sí èrè, bí a bá tilẹ̀ tà á ní iye tiwọn."

"Kò sí."

"Ṣùgbọ́n mo ṣì ń fẹ́ kẹ́ ẹ wá."

"Màá wá kí ẹ. Wàá mú mi lọ jẹun níta, ìwọ lo máa sanwó."

"Láìsí àbùsí sáńbà," ló wí, àwa méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo sọ fún aláṣọ pé n kò lọ síbì kankan. Mo pa iye dósà tó wà lára ògiri rẹ́, mo kọ àádọ́ta síbẹ̀. Muniyamma ló ni rúpìì márùn-ún tó gorí rẹ̀. Nígbà tí Kathirvel wọlé, ó dúró, ó ka ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó kígbe pé, "Ó ti dé o! Ọsirélíà ti dé Kumbakonam!"

Síbẹ̀ ó jókòó sí àyè rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n bu sáńbà sí i.